Ọwọ́ Lórí Èjìká Ìyá Mi

Òórùn yíǹkì ìtẹ̀wé ló máa ń kọ́kọ́ padà wá bá mi tí mo bá ń rántí Ṣómólú ayé ìgbà náà. Ó máa ń wà lára aṣọ mi, ó máa ń wà nínú gààrí tí mo bá fi ọwọ́ bù, mo lè fọ ọwọ́ nígbà márùn-ún kó má lọ. Àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba, ìlú sì le koko. Àwọn tó ní mọ́tò ti gbé e sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ṣì ń wọ kóòtù jáde láràárọ̀ kí aládùúgbò má baà mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ń lọ ní Akọka wà ní títì pa, mo sì ti rí iṣẹ́ kékeré kan sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Fọlá Àgórò. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa ka ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, kí n wo àṣìṣe inú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni mò ń kọ́, ọdún kejì ni mo wà, ẹ sì mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ṣe máa ń gbọ́n tó. Kò sí ẹni tó lè jókòó tì mí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n má rí àrùn ọkàn kan fún un. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìwé ìpolówó kan fún mi láti kà. Àwọn obìnrin méjì tó gba yàrá òkè ilé ìtẹ̀wé wa ló ni ín. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú, tó sì mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ títí ohun tó wà nínú rẹ̀ á fi jáde. Ìkejì jẹ́ ọmọ apẹja láti etí omi Bàrígà, ará Ìlàjẹ ni àwọn òbí rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti lọ ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló ti kọ́ iṣẹ́ kan tó wá láti ilẹ̀ Jàpáàn, tí wọ́n ń pè ní Réìkì: kéèyàn gbé ọwọ́ lé ara ẹlòmíì jẹ́jẹ́, kí agbára ìwàláàyè lè máa ṣàn geere nínú rẹ̀. Ìkejì yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Olọ́wọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ìpolówó náà kò pọ̀: “A ó gbé ọwọ́ lé yín, a ó sì gbọ́ ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ gbígbé, kò sí nínú ìwé kankan tí mo tíì kà. Mo mú báírò pupa, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà pé: “Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀.” Kò pẹ́ rárá tí nọ́ọ̀sì fi sọ̀kalẹ̀ wá, ìwé náà lọ́wọ́ wọn.

“Ìwọ lo ní ká mú ọ̀kan?”

“Ẹ má bínú, mà. Mo kàn rò pé...”

“Àwa náà ti gbìyànjú ẹ̀. Témi nìkan bá ń bi àwọn tó ń wá léèrè, wọn ò ní dáhùn. Tọ́rẹ̀ẹ́ mi nìkan bá gbé ọwọ́ lé wọn, wọ́n á sùn dáadáa, wọ́n á jí, wọ́n á tún gbé ẹrù wọn padà lọ sílé.” Wọ́n wojú mi. “Ta lára ẹ̀ ò yá nílé yín?”

Títí di òní, mi ò mọ bí wọ́n ṣe rí i lójú mi.

Àbúrò mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí ìyá mi bí tẹ̀lé mi, ti kú ní oṣù méje ṣáájú ìgbà náà. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ni, ní àsìkò tí àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Nílé wa, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, òbí kì í sìnkú ọmọ, wọn kì í sì í fi sàréè ọmọ han ìyá rẹ̀. Bàbá mi ti kú tipẹ́, nítorí náà ẹ̀gbọ́n wọn ló wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú agboòrùn dúdú kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, òjò ni, ọyẹ́ ni. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin di ìyá mi mú nínú yàrá. Wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo aṣọ àbúrò mi jáde nílé. Èmi àti wọn la jọ tẹ̀lé òkú lọ. Nígbà tí à ń bọ̀, wọ́n di apá mi mú.

“O ò gbọdọ̀ sọ ibẹ̀ fún ìyá ẹ o. O ò sì gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ yẹn nínú ilé yẹn mọ́. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní, “Mo gbọ́, Bàbá.”

Aránṣọ ni ìyá mi. Ní ayé ọ̀wọ́n yẹn, aṣọ tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ sí láti rán. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ni àwọn ènìyàn ń gbé wá pé kí wọ́n bá àwọn yí padà kí wọ́n lè tún fi lo ọdún kan sí i. Lẹ́yìn ikú àbúrò mi, apá ọ̀tún ìyá mi kò gòkè mọ́. Tó bá ti dé igbáyà, á dúró síbẹ̀. A lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yàwòrán egungun, wọ́n ní egungun kò ṣe nǹkan kan. A fi òróró pa á, a fi omi gbígbóná jó o. Èmi ni mo wá ń yí kọ́là, mò ń rán an wọ́gọwọ̀gọ, àwọn oníbàárà wa sì ń rọra lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi kì í sunkún. Tí àwọn àlejò bá ní, “Ẹ ṣe ọkàn gírí o,” wọ́n á ní, “A dúpẹ́.” Bí apá yẹn kò bá padà bọ̀ sípò, iṣẹ́ ti tán nìyẹn, bí ẹnu yẹn kò bá sì là, ẹ̀rù ń bà mí pé ìyá mi náà máa lọ.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin òkè fún wọn, wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe idán?” Ìyá Olọ́wọ́ fúnra wọn ló wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní, “Ẹ mú tẹ̀sùbáà yín dání, ẹ máa ka bísímílà yín lọ. Èmi náà á máa gba àdúrà tèmi. Ọwọ́ lásán ni, Ìyá, ẹ wò ó.” Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ìyá mi wò ó, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, èyí tí mi ò tíì rí láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kú.

Èmi ní tèmi, mo ti múra sílẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ìtàn àìsàn ìyá mi sí ojú ewé mẹ́jọ, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo rí nínú ìwé ẹ̀kọ́ mi. Mo gbé e fún nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìgbéraga. Wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn ẹran, wọ́n sì dá a padà fún mi.

“Ṣé ìyá ẹ ò lẹ́nu ni? Lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn.”

Orí àtẹ̀gùn yẹn ni mo jókòó sí fún Ọjọ́bọ̀ méjì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, nítorí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù gbì-gbì-gbì nísàlẹ̀. Ìyá Olọ́wọ́ sọ fún mi nígbà tó yá pé torí ariwo yẹn gan-an làwọn ṣe gba yàrá náà, pé nínú ilé oníyàrá púpọ̀ bíi ti Ṣómólú, ibo lèèyàn tún ti fẹ́ sọ̀rọ̀ kí aládùúgbò má gbọ́? Ohun tí mo kàn ń rí láti ihò ilẹ̀kùn ni ìyá mi lórí àga, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ òsì, àti ọwọ́ Ìyá Olọ́wọ́ lórí èjìká wọn, tí kò tẹ̀ ẹ́, tí kò fà á, tó kàn wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì kedere.

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

Ìyá mi dárúkọ àbúrò mi. Oṣù méje nìyẹn tí mi ò ti gbọ́ orúkọ yẹn. Wọ́n tún un pè, wọ́n tún un pè, wọ́n wá bú sẹ́kún. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Èmi ni mo fẹ́ sáré wọlé lọ ní kí wọ́n dákẹ́, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé nìyẹn.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ní, “Mi ò mọ ibi tọ́mọ mi sùn sí. Tójò bá ń rọ̀, mi ò mọ apá ibi tí mo máa kọjú sí láti rò ó.”

“Ta ló mọ̀ ọ́n?”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi tó jókòó síta yẹn náà mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ bi í. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Tí mo bá bi í, á sọ fún mi, ọkàn ẹ̀ ò sì ní balẹ̀ mọ́. Ọmọ dáadáa ni.”

Ojú ewé mẹ́jọ wà lápò mi, ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi nílò sì wà lẹ́nu mi láti oṣù méje. Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí: tí mo bá mú wọn débẹ̀, tí wọ́n sì ṣubú lulẹ̀ tí wọn kò dìde mọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò ní dárí jì mí. Mo ṣí ilẹ̀kùn náà, mo wọlé, mi ò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

“Màámi, mo máa mú yín lọ.”

Ìyá mi wò mí. Ọwọ́ Ìyá Olọ́wọ́ kò kúrò lórí èjìká wọn.

Àárọ̀ Sátidé la lọ. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń ro bí koríko á ṣe ti bo ibẹ̀, bí mi ò ṣe ní rí i mọ́, tí màá sì máa fi ìyá mi yípo láàárín òkú olókùú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀, sàréè àbúrò mi mọ́ tónítóní. Ẹnì kan ti ro ó, ó ti gbá a, ó sì ti to òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, létòlétò. Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bóyá òun ló ń ṣe é.

“Èmi kọ́ o. Bàbá kan ni. Jímọ̀-Jímọ̀ ni wọ́n ń wá, wọn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn tí agboòrùn dúdú máa ń wà lọ́wọ́ wọn yẹn.”

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn. Wọn kò ṣubú, wọn kò pariwo. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo sì sún sẹ́yìn kí n má baà gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti ṣàdúrà. Apá ọ̀tún gòkè, ó kọjá igbáyà, ó dé ẹ̀gbẹ́ ojú. Kò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún wá kí wa, mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n gbé omi fún wọn, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.”

“Fún kí ni?”

“Fún àwọn òkúta yẹn.”

Bàbá náà kò mu omi náà. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. Èmi ni wọ́n kọjú sí, pẹ̀lú ohùn akọ̀wé ìjọba tí wọ́n máa ń lò. “Àwọn obìnrin tí mo gbọ́ pé wọ́n ń gbé ọwọ́ lé èèyàn yẹn,” ni wọ́n wí, “ṣé wọ́n máa ń gba ọkùnrin?”

Wọ́n lọ. Wọ́n gbé agboòrùn wọn dání lọ sí òkè ilé ìtẹ̀wé.

Kí Iléyá tó dé, ìyá mi ti ń gbé apá dé orí, wọ́n sì tú gbogbo kọ́là tí mo ti rán láìdáa, wọ́n tún un rán, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lọ bi àwọn obìnrin òkè pé èwo gan-an ló ṣiṣẹ́: ṣé ọwọ́ ni, ṣé ọ̀rọ̀ ni, àbí sàréè tí wọ́n rí? Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo fẹ́ mọ̀. Ìyá Olọ́wọ́ wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo Ìyá Olọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé: “Mú ọ̀kan níbẹ̀.”

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, èmi ni mo sì ń to òkúta náà. Mo di ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn fún iṣẹ́ ṣíṣe. Mi ò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gbígbé. Ìyá Olọ́wọ́ gbìyànjú, wọ́n ní ọwọ́ mi ń ronú jù. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá jókòó síwájú mi tí kò lè sọ̀rọ̀, mo máa ń rántí ọwọ́ tí kò tẹ̀, tí kò fà, tó kàn dúró, mo sì ń fẹ́ràn àwọn obìnrin méjì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lóṣù tó kọjá, mo rí ojú ewé mẹ́jọ yẹn nínú àpótí kan, wọ́n ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì rẹ́rìn-ín sí ọmọkùnrin tó kọ wọ́n. Lẹ́yìn náà mo tún wọn kà, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu mi. “Olóògbé” ni mo kọ. “Ọmọ tó kú.” “Àdánù náà.” Nínú gbogbo ojú ewé mẹ́jọ, mi ò dárúkọ àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ti rò pé ìyá mi nìkan ni ẹnu rẹ̀ dì. Mo mú báírò, mo kọ orúkọ rẹ̀ sókè ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì pè é jáde nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn: Kúbúrátù.