Orúkọ Ẹni Inú Kànga

Bí ẹ bá bi Wàsílátù, aránṣọ iléèwé ní Ìgàndò, pé iṣẹ́ wo ló ṣe nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, yóò dá yín lóhùn pé iwin lòun. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, títí kan ọkọ rẹ̀.

Òótọ́ sì ni o. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù abanilẹ́rù kan tí wọ́n pè ní Ẹni Inú Kànga, òun ni wọ́n ní kó kọ orin tí iwin máa ń kọ kó tó yọ láti inú omi. Ó kọ ọ́ tán, ó lọ sílé. Nígbà tí fíìmù jáde, wọ́n kọ orúkọ gbogbo èèyàn síbẹ̀, ó dé orí ẹni tó se ìrẹsì. Níbi orúkọ akọrin, wọ́n kọ ọ́ pé, "Iwin fúnra rẹ̀." Ọmọ aráyé gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gba iwin gbọ́, wọn ò ní gba aránṣọ gbọ́. Ó dun Wàsílátù wọ akínyẹmí ara.

Lọ́dún yìí ni wọ́n tún fíìmù náà ṣe. Olúwadọ̀tun, ọkùnrin tó ń ṣe àwo orin fíìmù náà ní Ẹ̀gbẹ́dá, wá Wàsílátù dé ìsọ̀.

"Mà, orin mẹ́jọ ti wà nílẹ̀, tiyín ló kù. A ti gbé akọrin mẹ́ta wá, wọn ò bani lẹ́rù. Ọ̀kan tiẹ̀ ń jó."

"Ṣé ẹ máa kọ orúkọ mi?"

Olúwadọ̀tun wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ọ̀gá tó ni fíìmù ní ká ṣì kọ 'Iwin fúnra rẹ̀.' Òun ló ń jẹ́ kó tà."

"Kò burú," ni Wàsílátù wí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé bó bá ti ní kò burú, ó ti burú nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló há yàrá tí Olúwadọ̀tun ti ń gba ohùn sílẹ̀ láàárín, nítorí náà àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n lè ṣiṣẹ́, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Wàsílátù dé, ó wúkọ́ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè já gaara, ó bẹ̀rẹ̀. Oníwákà ni ìyá rẹ̀, oníwákà kì í sì í kọrin kó má dárúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí iwin ti ń pe ẹni tó tì í sí kànga, ó fi èémí kan ṣoṣo gbé e jáde pé:

"Èmi Wàsílátù ni, ọmọ Fàúsátù oníwákà, mo ń ránṣọ iléèwé ní Ìgàndò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo!"

Gbogbo irun ara Olúwadọ̀tun dìde. Ó ní kó tún un kọ, kó yọ àdírẹ́sì kúrò. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ sí i, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún ló ń dún. Bí ṣọ́ọ̀ṣì ọwọ́ òsì ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúrà nìyẹn. Wọ́n mú ti àkọ́kọ́ lọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá gbọ́ ọ.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ibi ilé epo yẹn ló bà mí lẹ́rù jù."

Àwo jáde. 'Iwin fúnra rẹ̀' náà ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Lóṣù kejì, Wàsílátù wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìkòtún. Obìnrin kan jókòó tì í, ọmọbìnrin rẹ̀ ń ké lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dákẹ́ o, kí Wàsílátù má wá mú ẹ!"

Wàsílátù yíjú sí i. "Wàsílátù wo nìyẹn?"

"Iwin inú kànga ni, mà. Ìgàndò ló ń gbé."

"Èmi ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ jàre."

Wàsílátù gbé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi orúkọ, oníkẹ̀kẹ́ dúró sáàárín títì, ó bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ dákẹ́ pátápátá.

"Yéè! Ẹ̀yin ni lóòótọ́!"

Ọgbọ̀n ọdún ni Wàsílátù ti ń retí gbólóhùn yẹn. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ kó dì mọ́ obìnrin náà, àmọ́ òun àti ọmọ rẹ̀ ti sá lọ.