Amọ̀ tí Màmá Reyecita Ń Tọ́ Wò

Màmá Reyecita kì í fi ojú mọ amọ̀ tó dáa, ahọ́n ló fi ń mọ̀ ọ́n. Á bu díẹ̀ sẹ́nu, á dijú, á sì sọ bóyá ìkòkò tí òun bá fi mọ máa sán nínú iná. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo amọ̀kòkò abúlé wa lẹ́bàá odò Rio Grande sì ń ṣe é. Èmi tí mo fẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ ti tọ́ ọ wò rí. Iyanrìn lásán ni mo bá lẹ́nu, wọ́n sì fi mí ṣẹ̀sín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òkè ńlá kan tí gbogbo wa ń pè ní Òkè la ti ń wa amọ̀ náà. Orí Òkè yẹn ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì láti ìgbà tí Màmá ti wà lọ́mọdé. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá ibẹ̀ ń gbé ohunkóhun tí wọ́n bá dà nù gba àfonífojì wá bá wa. Nígbà tí wọ́n wá kéde pé àwọn fẹ́ máa ṣe kókó bọ́ǹbù, àárín rẹ̀ tí agbára rẹ̀ wà, púpọ̀ sí i, ọkàn gbogbo wa ò balẹ̀ mọ́. Èmi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ mi ṣeré nínú odò kékeré tí àgbàrá yẹn ń ṣàn sí mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní ojo máa pè mí.

Marlene, ọmọ-ọmọ Màmá, wà nínú oyún àkọ́kọ́. Eloy ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí Òkè, owó ibẹ̀ ló sì fi kọ́lé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́rin lọ wa amọ̀. Màmá wọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo sílẹ̀, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ilẹ̀, ó wa amọ̀, ó tọ́ ọ wò. Marlene náà nawọ́, ni Màmá bá gbá a lọ́wọ́.

"Ìwọ kọ́! Ṣé o gbàgbé pé o lóyún ni?"

"Màmá, ta ló máa wá kọ́ mi, tẹ́ ẹ bá ti lọ?"

Eloy bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí, ẹ ṣì lágbára ju ẹṣin lọ! Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Èmi ti gbó. Kí ló kù lára mi tó fẹ́ bàjẹ́?"

Ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn fà á ni Marlene ti bu amọ̀ sẹ́nu.

Eloy ju ṣọ́bìrì nù, ó sì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Tu ú! Marlene, mo ní kó o tu ú! Má gbé e mì!" Gbogbo omi inú ike tá a gbé wá ló dà sí i lẹ́nu.

Marlene tutọ́ títí, ó wá wò ó lójú. "Ìwọ lo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Eloy," Màmá rọra pè é, "kí lo mọ̀ tó ò sọ fún wa?"

"Mi ò mọ nǹkan kan, Màmá. Wọ́n ní kò léwu, èmi náà ń sọ pé kò léwu." Ó jókòó sórí ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi nìyẹn."

Màmá da amọ̀ padà sínú ihò, ó sì bẹ ilẹ̀ pé kó má bínú. A wọ ọkọ̀, a kọrí sílé. Nígbà tó yá, Màmá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n na ike omi sí òun, òun náà fẹ́ ṣan ẹnu.

Mo gbé e. Omi ti tán nínú ẹ̀.