Ilé Àdádó Tí Màmá Mi Ti Ń Ta Oúnjẹ

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí àpótí ni mo máa ń gùn kí n tó lè wo inú ìkòkò ọbẹ̀, màmá mi ń ta oúnjẹ nínú ilé kan ní Abẹ́òkúta, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Ewékorò máa ń gbà wọ̀lú. Láfún ni wọ́n ń tà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti ẹja, àti ìrẹsì ọ̀fadà ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lónìí, ẹ má rò pé ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń sọ. Bẹ́ǹṣì mẹ́fà ni, tábìlì mẹ́ta, omi nínú àmù, àti ilẹ̀ tí a ń gbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ nítorí eruku ọkọ̀.

Ilé náà fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀. Òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ó sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè jókòó sójú fèrèsé kí n ká ẹsẹ̀ jọ síbẹ̀. Àwọn fèrèsé yẹn kéré, ìta sì ni irin tí wọ́n fi ń tì wọ́n wà. Mo bi màmá mi léèrè nígbà kan pé ta ló ń ti fèrèsé láti ìta. Wọ́n ní bóyá ibi tí wọ́n ń kó kòkó pamọ́ sí ni tẹ́lẹ̀. Inú ilé náà máa ń tutù lọ́sàn-án, àwọn awakọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ọdún kejì wa níbẹ̀ là ń lò lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan wọlé wá jẹun. Wolé-wolé ni wọ́n nígbà ìjọba òyìnbó. Iṣẹ́ wọn nígbà náà ni kí wọ́n máa wọ ilé onílé, kí wọ́n wò ó bóyá omi àmù mọ́, bóyá ẹnìkan ń ṣàìsàn tó lè ran ará ilé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì pẹ́ tí wọ́n kó wá sí àdúgbò wa. Màmá mi gbé láfún síwájú wọn. Bàbá náà bu òkèlè kan, wọ́n gbójú sókè wo àjà, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n sì dá òkèlè náà padà sínú àwo.

"Ìyàwó," wọ́n sọ fún màmá mi, "ta ló fún ẹ nílé yìí?"

"Ọwọ́ onílé kan ní Ṣàpọ́n la ti gbà á, bàbá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ilé àdádó nìyí. Ibí là ń kó àwọn tí olóde bá mú wá."

Olóde ni wọ́n ń pe àrùn náà nílé wa, nítorí àgbà kì í dá orúkọ rẹ̀ gan-an. Ara ẹni tó bá mú á gbóná, egbò á bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá pa, ojú rẹ̀ á ní ihò wẹ́wẹ́ títí ayé. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, àrùn náà ti tán nílẹ̀ wa, a ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ̀rù rẹ̀ ni kò tíì tán.

Bàbá wolé-wolé kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ méjì tó jókòó lẹ́yìn wọn gbọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun aláásárì, gbogbo ibùdókọ̀ tó wà nítòsí ti mọ̀. Èèyàn márùn-ún ló wá jẹun lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó wọlé àyàfi adìẹ.

Màmá mi kò lè jókòó mọ́. Wọ́n á rìn láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wo títì, wọ́n á padà wá ro ọbẹ̀ tó ti jinná, wọ́n á nu tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì. Wọn kò dín oúnjẹ tí wọ́n ń sè kù. Wọ́n ní bí oníbàárà bá dé tí kò bá nǹkan ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹ láfún láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Èmi náà, kí n tó wọ aṣọ ilé ìwé láràárọ̀, màá wo apá mi, màá wo ikùn mi, bóyá nǹkan ti ń sú síbẹ̀. Ara ń yún mi níbi tí kò sí nǹkan kan. Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì sún lọ sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ara mi gbóná lóòótọ́. Nǹkan sú sí mi lójú àti láyà. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ mí wò, ó ní èéyi ni, pé èmi kọ́ ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé irú rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ? Ní àdúgbò, wọ́n ní ilé náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Láti orí ẹní tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo ń gbọ́ àwọn òbí mi ní pálọ̀.

"Jẹ́ ká kó kúrò níbẹ̀," bàbá mi wí.

"Ká kó lọ síbo? Ẹni tí kò jẹ oúnjẹ mi níbẹ̀, ṣé á jẹ ẹ́ níbòmíràn? Èmi ni wọ́n ń sá fún báyìí, kì í ṣe ilé."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Mo ń gbọ́ bí màmá mi ṣe ń rìn káàkiri. "Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀," wọ́n wí. "Mo kàn ń bẹ̀rù rẹ̀ ni, n kò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n lọ bá onílé ní Ṣàpọ́n. Onílé kò jiyàn. Ó ní bàbá òun ló ra ilé náà lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí wọn kò lò ó mọ́, àti pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin kan wà ní Kọ́bapẹ́ tí wọ́n tì mọ́ inú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tí ara mi yá, màmá mi mú mi dání, a wọkọ̀ lọ sí Kọ́bapẹ́.

A bá ìyá náà níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi ọsàn. Bí mo ṣe rí ojú wọn báyìí, ẹ̀yìn màmá mi ni mo sá sí. Ìyá náà rí mi.

"Wá fọwọ́ kàn án," wọ́n wí. "Kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó rí gbágungbàgun, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí awọ ara ẹnikẹ́ni tí oòrùn ń pa.

Wọ́n ní ọmọdé bíi èmi ni àwọn nígbà yẹn. Obìnrin kan tí àrùn náà ti mú rí ló ń se oúnjẹ fún wọn, inú abọ́ kan náà ni òun àti àwọn ọmọ sì ti jọ ń jẹun, nítorí ará ìta kankan kò jẹ́ wọlé. Wọ́n ní láràárọ̀ ni ìyá tó bí àwọn máa ń wá dúró sí òdìkejì títì, á máa ki oríkì àwọn.

"Bí mo bá dáhùn láti ojú fèrèsé, wọ́n á lọ sóko," ìyá náà wí. "Bí mi ò bá tètè dáhùn, wọ́n á máa rìn síwá sẹ́yìn lójú títì. Mo máa ń rí wọn. Ìgbà mìíràn wà tí n kò lókun láti dáhùn."

Màmá mi wá bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá jẹun lọ́dọ̀ mi?"

Ìyá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti jáde, n kò gba ọ̀nà yẹn mọ́. Bí mo bá ń lọ sígboro, ibòmíràn ni mo máa ń yí gbà." Wọ́n wo èmi, wọ́n wo màmá mi. "Yọ àwọn irin ojú fèrèsé yẹn kúrò ná. N kò fẹ́ fojú kàn wọ́n."

Lọ́jọ́ kejì ni káfíńtà wá yọ wọ́n. Ó gbà á ní odidi òwúrọ̀, nítorí ìpáàrà ti jẹ wọ́n mọ́ igi.

Sátidé ni ìyá Kọ́bapẹ́ dé, nínú àdìrẹ tó dúdú mìnìjọ̀. Wọn kò wọlé tààrà. Òdìkejì títì ni wọ́n kọ́kọ́ lọ dúró sí, wọ́n wo ilé náà títí tí màmá mi fi gbà pé wọn kò ní wá mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n sọdá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ibùdókọ̀ ti lè rí wọn, wọ́n fọwọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀fadà. Èèyàn ń dúró wò. Èmi ò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ mi sí.

Bàbá wolé-wolé wà láàárín àwọn tó dúró. Ìyá náà rí wọn, wọ́n sì dáwọ́ oúnjẹ dúró.

"Ẹ̀yin lẹ gbé mi wá síbí," wọ́n wí.

Bàbá náà bọ́ fìlà wọn. "Ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo gbé wá. Ojú wọn ti pa rẹ́ mọ́ mi lọ́kàn. Àwọn ìyá wọn ni mo máa ń rántí."

"Èmi jáde, bàbá. Ẹ wọlé ẹ jókòó."

Wọ́n wọlé. Màmá mi gbé oúnjẹ fún wọn, bàbá náà sì ti ọwọ́ bọ inú abọ́ omi, wọn kò yọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹun. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Awakọ̀ kan tó ti ń wo gbogbo rẹ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè bóyá láfún ṣì wà.

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà wa ló padà. Àwọn kan wà tí wọn kò wọ ilé náà mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá tó, ọdún mẹ́jọ sí i ni màmá mi sì fi tajà níbẹ̀, kí wọ́n tó wó ilé náà láti fẹ títì. Ìyá Kọ́bapẹ́ a máa wá lóòrèkóòrè. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọn kò wọ inú lọ́hùn-ún rí, a kò sì rọ̀ wọ́n.

Ilé ìtajà fóònù ló wà lórí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù níbẹ̀ báyìí. Ojú bíi ti ìyá Kọ́bapẹ́ wọ́pọ̀ nígbà èwe mi, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, bóyá ni ẹ ti rí ẹyọ kan rí, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rí i bí ẹ ṣe ń yára sá fún èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ kà lórí fóònù. Nígbà tiwa, ó kéré tán, ọ̀rọ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ rìn. Lónìí, kí ẹ tó gbé òkèlè mì, ó ti dé Èkó, kò sì sẹ́ni tó ráyè lọ bá ẹni tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí kó bi í léèrè. Màmá mi kò kàwé púpọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Wọ́n ṣáà wọkọ̀ lọ sí Kọ́bapẹ́.