Kọ́kọ́ Pa Bíbélì Dé

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtàwé Bàbá Àlàó, kò sọ iye tí à ń ta ìwé kankan fún mi. Bíbélì ńlá kan ló fi hàn mí. Ó wà ní ṣíṣí lórí káńtà, ó sì kọjú sí oníbàárà, kò kọjú sí ẹni tó ń tajà.

"Ìyá Bọ́lá," ni Bàbá wí, "àwọn èèyàn yóò wá ra ìwé orin, wọn yóò sì béèrè ohun tó ju ìwé orin lọ. Wá ibi tí ìdáhùn wà, fi ìka sábẹ́ ẹsẹ náà, kí o sì panu mọ́ títí ẹni náà yóò fi kà á tán. Bí kò bá mọ̀wé, kà á fún un, kí òun náà tún un sọ."

"Bí mi ò bá mọ ibi tó wà ńkọ́, sà?"

"Ní kí ó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sẹ́ni tó kú rí nítorí pé ó dúró de ọjọ́ Ẹtì." Ó wá na ìka sí mi. "Ṣùgbọ́n bí èrò tìrẹ bá ń yún ọ lẹ́nu, kọ́kọ́ pa Bíbélì dé. Jẹ́ kí ó rí i pé o pa á dé, kí ó lè mọ̀ pé ìwọ lo ń sọ̀rọ̀."

Mo rò pé àṣejù àgbà ni.

Ogun abẹ́lé ti parí ní bí ọdún márùn-ún nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, Tudun Wada ní ìlú Jos la sì ń gbé. Bọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá Àlàó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ṣe akọ̀wé níbi ìwakùsà kí ó tó ṣí ilé ìtàwé ní Jos. Baba Littafi ni àwọn Hausa ń pè é, ìyẹn Bàbá Oníwèé. Bí ẹni tó wọlé bá kí wa ní "Sannu", Bàbá á gbé ti Yorùbá kúrò lórí káńtà, á sì gbé Bíbélì Hausa síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wá láti Dogon Dutse lọ́jọ́ kan, ó ń wá ibi tí Bíbélì ti ní kí aya máa tẹrí ba fún ọkọ. Bàbá fi ìka sábẹ́ ibi tí a ti ní kí ọkọ fẹ́ràn aya rẹ̀ bí ara òun tìkára rẹ̀.

"Haba, Baba! Kì í ṣe eléyìí ni mo ní kí ẹ wá."

"Ojú ewé kan náà ni wọ́n wà," ni Bàbá wí. "Ẹ kọ́kọ́ ka èyí ná."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí Bàbá lọ jẹun ni Ìyá Jọkẹ́ wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Nasarawa Gwong ni. Ẹsẹ̀ méjèèjì ọmọ tó pọ̀n ti yí sínú láti ìgbà tó ti bí i. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ ẹsẹ̀ náà ní ọsibítù, tí wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì funfun dì í. Bí wọ́n bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, ó lè tún yí sínú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó nínú Bíbélì. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ṣé òótọ́ ni?"

Ó yẹ kí n ní kí ó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n gìrì ti mú Bọ́lá ní oṣù méjì ṣáájú, àyà mi kò sì tíì balẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ nígbà tí mo ní, "Àbúrò mi, ta ni kò lẹ́ṣẹ̀? Nígbà tí gìrì mú ọmọ tèmi, ààwẹ̀ ni mo gbà, Ọlọ́run sì gbọ́."

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo rò pé mo tù ú nínú.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ọkọ Ìyá Jọkẹ́ dúró níwájú káńtà. "Ta ló sọ fún ìyàwó mi pé Bíbélì ní kó máa gbààwẹ̀? Omi ọmú ti gbẹ. Ó ti pa ọsibítù jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àfi kí ẹ̀ṣẹ̀ òun kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀!"

Bàbá Àlàó wò mí. "Ṣé o pa á dé?"

"Rárá, sà."

Kò jágbe mọ́ mi. Ó fi ìwé ìròyìn di Bíbélì Yorùbá kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Dìde. Ohun tí o fi ẹnu bà jẹ́, lọ fi ìka tún un ṣe."

Orí ẹní ni mo bá Ìyá Jọkẹ́, ètè rẹ̀ ti bó, ọmọ ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí ìwé Jòhánù orí kẹsàn-án, níbi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti béèrè ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó mú kí a bí ọkùnrin kan ní afọ́jú. Mo fi ìka sábẹ́ ẹsẹ náà, mo panu mọ́. Ó rọra kà á débi tí Jésù ti dáhùn pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà, kì í sì í ṣe ti àwọn òbí rẹ̀. Ó tún un kà.

"Ìyá Bọ́lá, níbo ni èyí wà lọ́jọ́ yẹn?"

"Ibẹ̀ náà ló wà. Èmi ni mi ò ṣí i."

"Ṣebí ọwọ́ yín wà lórí ìwé. Mo rò pé inú rẹ̀ lẹ ti ń sọ ọ́."

Mo pa Bíbélì dé lójú rẹ̀. "Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, tèmi ni. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n wá kunu ọkà fún yín mu, ká gbé ọmọ lọ sí ọsibítù."

Ó mu kunu náà tán. Nọ́ọ̀sì bá wa wí gidigidi, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń yí padà, wọ́n sì ní láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń bá a gbé ọmọ lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá tí kò lé mi lọ. Nígbà tí Jọkẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù wá ra ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo ní láti sá wọ ẹ̀yìn lọ nu ojú mi.

Bàbá fa ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́ nígbà tó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Bọ́lá, tó ti di ọmọge, rí ààyè sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Maiduguri. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ fi ìka yín hàn mí. Níbo ni Bíbélì ti ní kí n má lọ?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo pè é, mo pa Bíbélì dé.

"Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba ìyá rẹ."

Ó dì mọ́ mi. "Ó dáa, Màmá. Ẹ wá ṣí i padà, kẹ́ ẹ ka ibi tẹ́ ẹ máa fi sìn mí sọ́nà."

Mo ṣí i, mo sì fi ìka sábẹ́ ibi tí a ti ní Olúwa yóò pa àlọ àti ààbọ̀ rẹ mọ́.