Ẹ̀rọ Àna Mi Tí Kò Dé Ọgbà Ilé-Ìwé

Òórùn gàrí yíyan kì í kúrò nílé àna mi ní Ìsúndunrin. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni àwọn obìnrin àdúgbò ti máa ń yan án, èéfín a gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé a sì máa rùn fún ẹ̀gẹ́ kíkan. Ṣùgbọ́n bí o bá wọ yàrá bàbá ìyàwó mi, òórùn mìíràn ni yóò pàdé rẹ: òórùn ọ́ìlì ẹ̀rọ àtijọ́, tó ti wọ inú aṣọ kakí méjì tí wọ́n so kọ́ sára ògiri, tí ọ̀pọ̀ ọdún ọṣẹ àti omi kò rí mú kúrò. Mo fẹ́ràn yàrá yẹn. Ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 parí nígbà náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ físíìsì ní Èjìgbò, mo sì máa ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá ní ọjọ́ Sátidé, bí ẹni tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá ti wa ọkọ̀ ojú irin rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń kó èrò. Kékeré ni tirẹ̀, orí irin tóóró ló ń rìn, níbi kan tó jìnnà sílé, tí àwọn òyìnbó amúnisìn ti ń fọ́ òkúta. Àwọn ẹ̀rọ ńlá a máa wọ́ kẹ̀kẹ́ omi àti èédú tẹ̀lé ẹ̀yìn; èyí kò wọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló gbé táǹkì omi há, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Apọnmi. Bàbá ní oko ìrèké kan ní gúúsù Áfíríkà ló ti kọ́kọ́ sìn, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Bí ó bá mu omi yó, á wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di ojú irin mú ṣinṣin. Bí omi bá ti ń tán, á máa fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, á máa yí lójú kan. Bàbá a ní, “Tíṣà, ibi tó ti ṣiṣẹ́ jù gan-an ni agbára rẹ̀ ti ń tán. Àfi bí èmi àti ẹ̀yìn mi yìí.” A ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà tó máa ń sọ ju gbogbo ìyókù lọ: awakọ̀ kì í fi ẹ̀rọ tí iná wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, àfi tí awakọ̀ mìíràn bá dé, tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò ni o, àìsàn ni o, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òfin náà wù mí. Mo máa ń sọ ọ́ nílé nígbà tí a bá ń jẹun, mo ń fi yin Bàbá. Ìyàwó mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Másífà, á gbọ́ díẹ̀, á dìde, á kó àwo lọ sẹ́yìn. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ibi ìfọ́kúta náà ti di igbó, Apọnmi sì wà nínú rẹ̀, ó ń dípẹtà. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a gbé e wá sí ọgbà ilé-ìwé wa. Mo kọ lẹ́tà títí ọwọ́ fi ń ro mí, títí àwọn tó ni í fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún ilé-ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ po kọnkéré, a tẹ́ irin méjì sórí rẹ̀, ní ọ̀ọ́kán ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, ó fọwọ́ kan kakí tó wà lára ògiri. Ó ní, “Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ mi rò pé mo lọ ṣe lébìrà ni. Kí wọ́n rí ohun tí mo wa kí n tó kú. Ìyẹn náà tó.”

Alájì kan tó ti gbé Àbíjàn pẹ́ ló ní lọ́rì agégẹdú tó lè gbé e. Iwájú ilé rẹ̀ ni ìyàwó mi ń gbà lọ sí Másífà. Nítorí náà mo fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, mo fà á lé ìyàwó mi lọ́wọ́, mo ní kó sọ fún Alájì pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. N kò kọ ibi tí ẹ̀rọ ń lọ sínú ìwé. Nílùú wa, bí obìnrin ilé bá jíṣẹ́, ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá dé pẹ̀lú àwọn arúgbó mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ó wọ ọ̀kan nínú kakí yẹn, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, ó mú agolo ọ́ìlì àti àkísà dání. Oòrùn kàntàrí, lọ́rì kò dé. Mo sáré lọ bá Alájì, mo bá a níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá.

“Alájì, ẹ̀rọ dà?”

“Ẹ̀rọ wo, Tíṣà? Ṣebí ìyàwó yín ló jíṣẹ́ yín. Ó ní ilé-ìwé kò fẹ́ ẹ mọ́, kí n gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù n’Íbàdàn, pé ẹ kò fẹ́ kọ́bọ̀. Ọjọ́ kẹta rèé. Wọ́n ti gé e. Sé fíní, ó ti parí!” Ó wò mí lójú. “Àbí ẹ̀yin méjèèjì ń jà ni?”

Ilé ìdáná ni mo bá ìyàwó mi, ó ń bu omi sínú ife fún àwọn àlejò. N kò tíì béèrè tó fi dáhùn.

“Èmi ni. Orogún ìyá mi lẹ fẹ́ gbé wá síwájú ilé mi, ẹ tún ní kí n máa bu omi fún àwọn tó wá kí i.”

Ó wá sọ ọ́ fún mi ní ìdúró. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dáhùn pé iná wà nínú ẹ̀rọ, ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ òun kò tíì dé. Ìgbà tó fi délé, wọ́n ti sin ìyá náà.

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ ọ́? Ojoojúmọ́ lẹ ń yìn ín.”

Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Mo jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn níwájú Bàbá. Ìyàwó mi ti dé ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú àwo ife. Mo rò pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, òun ni yóò parí rẹ̀, yóò sì jẹ́wọ́. Ohun tí mo ṣírò nìyẹn. Mo ní, “Bàbá, ẹ foríjì mí. Mo fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ti gbé e lọ fún àwọn tó ń ra irin.”

Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà fi mí rẹ́rìn-ín. “Tíṣà onímọ̀! Owó ẹran kílò mélòó ni wọ́n fún ọ lórí rẹ̀?”

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi ni mo fún ọ. Kí ni mo tún fi dù ọ́?” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ mọ̀ sí i?”

Ó ní, “Rárá, Bàbá.”

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un, Bàbá sì mu ún.

N kò wọ yàrá tó ń rùn fún ọ́ìlì yẹn mọ́. Bàbá kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Níbi ìsìnkú, wọ́n pe àwọn ọkọ ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá ṣe ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n fo orúkọ mi. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó gbọ́, ó ń sunkún bàbá rẹ̀. A jọ gbé pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ó tọ́ àwọn ọmọ wa, ó tọ́jú mi nínú àìsàn, kò tún purọ́ fún mi tí mo mọ̀. Mo sì ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tó yẹ kó sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Àìsàn tó mú un lọ fún wa láyè láti sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́. Èmi náà kò béèrè.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá kí mi. Ó fa àga sún mọ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Kí ló mú yín ta ẹ̀rọ Bàbá nígbà yẹn?”

Ilẹ̀kùn tí mo ti ń dúró sí láti ọjọ́ yìí wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ẹni tí yóò já mi nírọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dáhùn fún ìyàwó mi pẹ̀lú, iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo ní, “Àṣìṣe ni mo ṣe.” Inú ń bí mi sí i bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Àbúrò rẹ̀ mi orí. Ó ní ó ti pẹ́, pé òun ti dárí jì mí lórúkọ Bàbá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sìn ín dé ojú títì.

Ti ẹ̀rọ náà, mo ti fi ji ìyàwó mi. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn, bóyá èmi náà ìbá ní kí wọ́n gé e. “Rárá, Bàbá” ni n kò tíì lè fi jì í. Mo ti rò pé ikú yóò mú ọ̀kan kúrò nínú méjèèjì, ìbínú mi tàbí ìfẹ́ mi. Kò mú èyíkéyìí. Ohun tí mo wá mọ̀ kò ju èyí lọ: ènìyàn lè sunkún ẹni tó dà á, kí ẹkún náà sì jẹ́ òótọ́.