Ilé Onítáyà Tí Mo Tún Ṣe fún Màmá

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́, kó bi ìyàwó mi léèrè ìdí tí àwọn rédíò tí kò sọ̀rọ̀ fi kún pálọ̀ wa. Mo ti ń tún wọn ṣe láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa. Ohun àtijọ́ kì í kọjá lójú mi kí n má fọwọ́ kàn án, ohun tí mo bá sì fọwọ́ kàn kì í sábà ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ káráfáànù, kí ẹ má baà rò pé orí mi ṣàdédé dàrú ni. Ó ti dàrú tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tí a jẹ́ ọmọ ibẹ̀ kó ẹrù wa ní Ìbàdàn, a forí lé Òṣogbo. Mo rí ilé gbà lẹ́yìn Òkè Fìà, ilé tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀ ju ilé fúnra rẹ̀ lọ, mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì ní Àbẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé Iléṣà tí màmá mi wà kò jìnnà sí mi mọ́. Wọ́n ń dá gbé nínú ilé tí bàbá mi kọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ́fíìsì ni mo wà ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé bàbá mi ti kú. Mò ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Àìsàn ti ṣe Bàbá lọ títí, n kò gbọ́ rárá. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí láyé: kí ẹnìkan má tún wá kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi báyẹn nítorí màmá mi. Mo fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, níbi tí wọ́n á ti lè pè mí, kí n sì gbọ́.

Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni màmá mi.

“Kí n fi ulé ọkọ mi sílẹ̀, kí n wá gba yàrá nínú ilé tí ìwọ gan-an ń yá gbé?”

Wọ́n ní bí àwọn bá kó kúrò ní Iléṣà, àwọn ẹgbẹ́ àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì á máa sọ pé ọmọ wá kó àwọn bí ẹni kó ẹrù. Kí àwọn wá kí wa, àwọn á wá. Kí àwọn wá gbé, ká má tún sọ ọ́ mọ́.

Ìgbà tí mo lọ ra iṣu ní Òṣú ni mo rí i. Ó wà lẹ́yìn sọ́míìlì kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀: káráfáànù àwọn òyìnbó tó ṣe ọ̀nà nígbà kan rí, irú ilé kékeré onírin tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí mọ́tò, tí wọ́n á máa wọ́ kiri láti ibùdó kan dé òmíràn. Igbó ti bò ó dé fèrèsé. Adìyẹ kan ń sàba nínú ibi ìfọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, mo rí sítóòfù gáàsì olójú méjì. Mo rí tábìlì tó ń di bẹ́ẹ̀dì bí ènìyàn bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àti àwọn kọ́bọ́ọ̀dù kéékèèké tí ìkọ́ idẹ wà lára wọn. Orí mi wú. Iṣu tí mo wá rà, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Ọgbọ́n kan sì sọ sí mi lọ́kàn. Ilé tó bá ní táyà kì í ṣe ilé, ọkọ̀ ni. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò tíì kó kúrò níbì kankan, ó wà lórí ìrìnàjò ni. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo yà sí Iléṣà lọ ro ẹjọ́ yìí fún màmá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi ìborùn nu ojú.

“Iṣẹ́ lọ́yà ni ò bá lọ kọ́,” ni wọ́n wí. “Ó dáa. Bó bá ní táyà, tí táyà náà sì ń yí, mo gbà. N ó wá kí yín.”

Bí mo ṣe ra káráfáànù nìyẹn, tí mo sì wọ́ ọ wá sí àgbàlá mi. Káfíńtà tí mo pè wo inú rẹ̀ yíká, ó ní kí n jẹ́ kí òun tú gbogbo ẹ̀ dànù, kí òun fi pákó tuntun kan bẹ́ẹ̀dì gidi kan síbẹ̀, ó parí. Mo wò ó bí ẹni tó bú bàbá mi. Mo ní ojúlówó ni mo fẹ́, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí òyìnbó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni kó ṣe rí. Kíá ni wọ́n sọ mí ní Ọ̀gá Ojúlówó ní àdúgbò. Bí mo bá ń kọjá, fọkanáísà tó wà ní ìkóríta á pariwo: “Ọ̀gá Ojúlówó, táyà àlòkù wà ńlẹ̀ o, àmọ́ kì í ṣe ti òyìnbó!”

Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè mọ àwọ̀ tó kọ́kọ́ ní. Àwọ̀ ewé ló wà lókè, búlúù wà lábẹ́ rẹ̀, lábẹ́ búlúù ni mo ti rí àwọ̀ kan tó jọ bọ́tà. Mo sáré pe ìyàwó mi jáde. Ó wò ó dáadáa.

“Dádì, irin tó dógùn-ún nìyẹn.”

Mo kùn ún ní àwọ̀ bọ́tà síbẹ̀síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìkọ́ idẹ ti sọnù. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á ra ìkọ́ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi kiri gbogbo ìsọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù, mò ń fi èyí tó kù hàn wọ́n bí ẹni tó ń wá ọmọ tó sọnù. Ara àpótí Àlàájà àgbàlagbà kan ní àárín ìlú Òṣogbo ni mo ti wá rí irú rẹ̀ gan-an. Mo ti múra láti bẹ̀bẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àlàájà ní, “Alihamudulilahi, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò, aṣọ mi ló ń fà ya látọdún yìí.” Ẹ̀rọ omi ẹlẹ́sẹ̀ ló gba ẹ̀mí mi jù. Mo tú u, mo tò ó, mo tún un tú. Lọ́jọ́ tó pàpà ṣiṣẹ́, ìdí rẹ̀ ni omi gbà tú sí mi lára, mo sì ti wọ aṣọ ọ́fíìsì. Bí mo ṣe wọ ìpàdé ní Àbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí.

Màmá dé lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú báàgì kékeré, báàgì àlejò. Wọ́n yí káráfáànù ká, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá táyà kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n tó gòkè. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo fi tábìlì tó ń di bẹ́ẹ̀dì hàn wọ́n.

“Ibi tí mo ti jẹun náà ni n ó sùn sí? Kí èèrà wá gbé mi lọ?”

Láti ọjọ́ náà, tábìlì kò di tábìlì mọ́. Gáàsì ń ba wọ́n lẹ́rù, wọ́n gbé sítóòfù oníkẹrosíìnì tiwọn lé e lórí. Ilé ìtọ̀ kékeré tí òyìnbó ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, wọ́n ní ìwà ọ̀bùn ni, wọ́n kó gàrí àti èlùbọ́ síbẹ̀. Ìkọ́ idẹ tí mo wá dé ilé Àlàájà, ẹja gbígbẹ ni wọ́n fi kọ́ sí i. Mò ń wò, mò ń mí kanlẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n mú ọ̀kan, ṣé mùsíọ́ọ̀mù ni mo ṣí ni àbí ìyá mi ni mò ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, bí mo bá wà nílé ìwẹ̀, mo máa ń gbọ́ tí màmá mi ń kọ orin ìsìn nínú ilé onítáyà, inú mi á sì dùn débi pé màá wẹ̀ tán kí n tó rántí pé n kò fi ọṣẹ kan ara. Àlejò ni wọ́n ṣì ń pe ara wọn. Oṣù ń gorí oṣù, àlejò kò lọ, èmi náà kò sì béèrè.

Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Èmi gbọn tèmi. Mo gbọ́ pé ìdérí táyà káráfáànù náà gan-an ṣì wà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Òṣú, ni ara mi kò bá balẹ̀ mọ́. Kí n tó lè fi ìdérí sí i, ó yẹ kí n ha rììmù, kí n kùn ún. Màmá lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi jáàkì gbé káráfáànù, mo to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀, mo yọ gbogbo táyà, mo sì yí wọn lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Mò ń súfèé lọ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo padà, màmá dúró síwájú káráfáànù, Bíbélì wà lábẹ́ abíyá wọn. Wọn kò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ǹ bá mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

“Búlọ́ọ̀kù,” ni wọ́n wí. “O fi búlọ́ọ̀kù gbé mi kalẹ̀ sí Òṣogbo.”

“Màmá, ọ̀dà ni mo fẹ́ kùn sí rììmù.”

“Mo ti ń fura. Ulé mi wà ní Uléṣà, ọmọ mi. Mi ò bá ẹ sọ pé mi ò nílé.”

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojúlówó, mo ṣàlàyé ìdérí táyà. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni irọ́ náà ń pọ̀ sí i lójú wọn, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni mò ń sọ. Kí n tó rí táyà gbà padà, wọ́n ti di báàgì, wọ́n ti wọ takisí ní Òkè Fìà.

Ó dùn mí gan-an. Mo mọ̀ pé ẹnu mi kò wúlò mọ́, àfi kí táyà jẹ́rìí sí mi. Mo dá wọn padà sára rẹ̀ láìkùn, mo háyà pikọ́ọ̀pù kan pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà rẹ̀, a so káráfáànù mọ́ ọn nídìí, ó di ọ̀nà Iléṣà. Gbogbo ènìyàn ló jáde wò wá. Àwọn kan ń béèrè bóyá ilé ìdìbò ni, àwọn kan ní oníwàásù ni wá. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ilẹ̀kùn ṣí, gàrí màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sójú títì, ẹja gbígbẹ tẹ̀lé e tòun ti ìkọ́ idẹ rẹ̀. Fèrèsé kan bọ́. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà má dúró, torí bó bá dúró, ó lè má lè gbéra mọ́. Mo jókòó síwájú, mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ń já lẹ́yìn.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí a dé. Àwọn aládùúgbò ti yọjú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀.

“Màmá, ó ń yí.”

Wọ́n wo táyà, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo táyà.

“Ó ń yí lóòótọ́. Dìde. Ṣé o ti jẹun?”

Mo rò pé ó ti bọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n múra ká máa padà sí Òṣogbo.

“Ta ni ń padà? Mo gbà pé o ò tì mí mọ́lé, ọ̀rọ̀ tán. Èmi ti dé ulé.”

Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, dẹ́rẹ́bà ti ń tú okùn. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ òun ti ń rùn, pé òun kò tún ní fa ilé ẹnikẹ́ni gun òkè mọ́ láyé òun.

Bí káráfáànù ṣe dúró síwájú ilé bàbá mi nìyẹn. Mo sùn sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí pé ọjọ́ ti lọ. Yàrá mi àtijọ́, màmá ti kó iṣu àti àga ṣọ́ọ̀ṣì kún un. Mo padà wá ní Fúráídè, mo ní mo wá tún fèrèsé ṣe. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní sítóòfù ni. Nígbà tó yá, n kò wá àwáwí mọ́. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mò ń sùn síbẹ̀, tí mò ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀ láti Iléṣà lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Mò ń jẹun lórí tábìlì, mò ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mò ń sùn sórí rẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ èèrà. Ìyàwó mi máa ń kó àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ Sátidé, á ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé tara mi ni mò ń ṣe.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́, nǹkan kan ń kan ilẹ̀kùn onírin náà. Mo rò pé ewúrẹ́ ni. Ó tún kàn án.

“Dìde.” Ohùn màmá mi ni, ó lọ sílẹ̀. “Àyà ń dùn mí. Apá mi ò ṣe dáadáa.”

Bẹ́ẹ̀dì náà ká mọ́ mi lẹ́sẹ̀ níbi tí mo ti ń sáré dìde. Mo forí gbá kọ́bọ́ọ̀dù, mo wọ ṣòkòtò sódì, mo pọn màmá mi, ó di títì. Takisí àkọ́kọ́ tó rí wa ló dúró, ó gbé wa dé ilé ìwòsàn. Nígbà tó ṣe, dókítà ní ó dáa bí a ṣe tètè dé, pé bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì ní láti ránṣẹ́ pe ọmọ ní Òṣogbo ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo sunkún bí ọmọdé. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún mi. Ẹsẹ̀ ara wọn ni màmá fi rìn láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ẹnu ọ̀nà mi.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ẹnìkan wà pẹ̀lú wọn nílé, torí kò yẹ kí wọ́n máa dá gbé. Mo ti lanu. Mo fẹ́ sọ ipò mi ní Àbẹ̀rẹ̀, ilé mi ní Òṣogbo, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Màmá fi ọwọ́ dá mi dúró.

“Mi ò dá gbé,” ni wọ́n wí. “Ọmọ mi yìí ló ń gbé lọ́dọ̀ mi.”

Nọ́ọ̀sì wò mí láti orí tó ti ń hewú dé orí ṣòkòtò òdì.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni mo wí. “Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé.”