Òpó Àtíbàbà Tó Rúwé

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1997, àwọn àgbà ìjọ ní Ìdí-Arère fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, láti ara ògiri títí dé ìdí pèrègún tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjìdínláàádọ́ta ni. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ìpàdé ìjọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni mẹ́rin tó wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n ní ọdún 1999, ó di àádọ́ta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì kúrú.

Pèrègún mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá mọ oko mọ ohun tí pèrègún tó tò lẹ́sẹẹsẹ ń sọ: ibí ni tèmi parí sí, ibí ni tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò fi béèrè ohunkóhun nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn dé ìdí wọn. Ẹni méjì péré ló mọ ibi tí pèrègún yẹn ti wá. Ọ̀kan ti kú. Èkejì ni Ambrose Láníyì, ẹni tí ìjọ fẹ́ fi joyè Bàbá Ìjọ ní oṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ Uso ni Ambrose. Ìdí-Arère, abúlé kékeré kan tí kò ju máìlì méjì lọ sí Imoru, ni abúlé ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kọ́lé sí. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ló ṣe fún ìjọba. Lébìrà tó ń kó ilẹ̀ gọ́tà ló kọ́kọ́ jẹ́, ó sì di olórí àwọn lébìrà kó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1993. Ẹni gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí í máa fi ẹsẹ̀ wọn nǹkan láìmọ̀. Bó bá wọ ilé ẹni, yóò ti ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ìbéèrè kan náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀.

"Ta ni ọmọ-ẹ̀yìn?"

Gbogbo wọn á dáhùn bó ṣe kọ́ wọn: "Ẹni tó ń tẹ̀ lé Ọ̀gá rẹ̀ dé ibi tí kò wu òun fúnra rẹ̀ láti dé."

Ìdáhùn náà dùn lẹ́nu. Kò sì ṣòro láti há sórí.

Ìkórè ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ pèrègún ti bẹ̀rẹ̀. Àlejò pọ̀ lọ́dún náà ju ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Fàsásì, kápẹ́ńtà kan ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, ló ni ilẹ̀ onígbó tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n ṣán ibẹ̀ kí àlejò lè ráyè jókòó, ó sì tún yá wọn ní bẹ́ǹṣì mẹ́jọ. Ambrose ni wọ́n ní kó pa àtíbàbà. Ọparun rẹ̀ kò tó. Oòrùn ti ń yí, àwọn obìnrin ìjọ ti ń wá ibi tí wọ́n máa to ààrò sí, ni Ambrose bá yọ àdá, ó bẹ́ pèrègún mẹ́fà tó wà lójú ààlà, àwọn àtijọ́ tí bàbá Fàsásì gbìn. Ó fi wọ́n ṣe òpó ẹ̀yìn àtíbàbà, sínú ilẹ̀ Fàsásì, ní ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Orí kùkùté wọn gan-an ni àwọn obìnrin to ààrò lé. Láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ìsinmi, iná kò kú níbẹ̀.

Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé pèrègún tí a bá gé, tí a sì fi gún ilẹ̀, yóò tún hù. Ambrose náà mọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ Ajé, òun á fa òpó náà tu, òun á sì rì wọ́n padà sójú ààlà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ ìjọba ti dúró dè é. Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní ojú ọ̀nà Ìkàrẹ́, láti ibẹ̀ ó tún di ọ̀nà mìíràn. Àwọn tó kù ká imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lórí àtíbàbà kúrò, wọ́n fi òpó sílẹ̀. Òjò ọdún tuntun rọ̀. Òpó rúwé.

Nígbà tí Ambrose fi máa padà wá jókòó sílé, ọdún méje ti lọ. Pèrègún ti ga ju ènìyàn lọ, ìjọ sì ti ń gbin ilá dé ìdí wọn. Ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú kúrò.

Fàsásì wá bá a nílé lọ́dún 1994. Kò jókòó.

"Láníyì, o mọ ohun tí mo bá wá."

"Ẹ jókòó ná, Bàbá Lábísí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi fún yín."

"Omi ò gbẹ nílé mi. Pèrègún mi, ta ló mú un rìn?"

Ambrose fi ẹ̀rín bò ó. "Àbí ó lẹ́sẹ̀ ni?"

"Ìwọ tó o gé e lo máa mọ̀ bóyá ó lẹ́sẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ǹṣì tí mo yá yín ni mò ń tò. Mi ò fẹ́ bá ṣọ́ọ̀ṣì rojọ́, Láníyì. Sọ ohun tó o mọ̀ fún wọn, ó tán."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Bí ìkórè bá ti kọjá, mo máa sọ ọ́."

Ìkórè kọjá. Ìkórè kejì náà kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, Fàsásì kú. Ambrose lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ó dúró sẹ́yìn gbogbo èrò, ó sì kúrò níbẹ̀ kí àwọn ọmọ olóògbé tó máa kí àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí ètò gbọ̀ngàn dé. Bí àwọn lébìrà ṣe gbé ṣọ́bìrì dé, ni Ṣẹ̀fíátù, opó Fàsásì, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ọ̀wọ̀, dúró sí iwájú wọn, ó ní ilẹ̀ ọkọ òun ni. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú olórí abúlé. Ìjọ mú Ambrose ní ẹlẹ́rìí, nítorí kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ wọ̀n tó o. Christopher Olúyọmí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága àwọn àgbà ìjọ, ló wá sọ fún un.

"Alàgbà Ambrose, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ kàn ní kí wọ́n wo ibi tí pèrègún wà. Ṣé irọ́ nìyẹn?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Ó tán nìyẹn. Lẹ́yìn náà la ó wá múra oyè yín."

Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, Ìbílọlá ìyàwó rẹ̀ sun iṣu, ó bu epo sí i, ó gbé e kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò jókòó.

"Bàbá Fúnmi, iṣu yín ti ń tutù."

"Mò ń bọ̀."

"Ẹ̀ ń bọ̀ láti ibo? Láti ìdájí lẹ ti ń fi ẹsẹ̀ wọn àgbàlá. Ṣé ó lé ni, àbí ó dín?"

Ìgbà náà ló tó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìbílọlá káwọ́ lérí, ó ń wò ó.

"Ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀yin àti èmi jọ ń sùn, pèrègún mẹ́fà wà láàárín wa, ẹ ò sì ta mí lólobó?"

"Bí mo bá sọ ọ́, oyè ti lọ nìyẹn."

"Ẹ máa ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn pé kí wọ́n tẹ̀ lé e dé ibi tí kò wù wọ́n. Èmi rò pé ẹ ti débẹ̀ rí ni."

"Ìyá Fúnmi..."

"Ẹ jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ ṣubú níwájú gbogbo ìlú, kó má jẹ́ pé ebi ló tì í."

Abẹ́ igi arère ni olórí abúlé àti gbogbo wọn jókòó sí. Christopher sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, ó sì nawọ́ sí Ambrose. Ambrose dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń ka ìṣísẹ̀ sẹ́nu. Gbogbo wọn dìde tẹ̀ lé e. Nígbà tó pé ìṣísẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n, ó dúró sáàárín ọgbà ilá, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọkọ́.

Kò wúlẹ̀ gbẹ́ ẹ jìnnà. Èédú ló kọ́kọ́ jáde. Òkúta ààrò méjì tẹ̀ lé e, dúdú bí ìdí ìkòkò. Lábẹ́ wọn ni kùkùté wà, tó jóná wọnú gbòǹgbò.

"Ibí ni ààlà," ni Ambrose wí. "Èmi ni mo gé pèrègún ibí nígbà ìkórè 1986. Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn, òpó àtíbàbà ni. Mo gbàgbé rẹ̀ ní ọdún tí mo rì í. Láti 1994, n kò gbàgbé mọ́. Mo kàn dákẹ́ ni."

Ọkùnrin kan pariwo ẹ̀rín. "Àṣé òpó àtíbàbà la ti ń yẹ̀ sílẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí!"

Christopher kò rẹ́rìn-ín. "Alàgbà Ambrose, ilé Ọlọ́run lẹ tà yìí."

"Ilé Ọlọ́run wà níbi tó wà, Ọ̀gá. Ilẹ̀ Bàbá Lábísí ni mo dá padà."

Ṣẹ̀fíátù bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan kùkùté náà, ó gbọn èédú nù lára ìka rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá Fúnmi," ni gbogbo ohun tó sọ.

Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn náà sórí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù. Ó rí tóóró bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹlòmíràn ló joyè Bàbá Ìjọ. Ìdí tí Ambrose fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà kò yé gbogbo ènìyàn bákan náà. Àwọn kan ní ìjà àtijọ́ wà láàárín òun àti Christopher, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n jà lé lórí. Àwọn kan ní ẹ̀rù òkú ló bà á. Bí a bá bi òun alára, ohun tó máa ń sọ ni pé òun dìde láti sọ ohun tí Ọ̀gá Christopher kọ́ òun, ẹsẹ̀ òun ni kò gbà. Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún wọn ọ̀nà lè má mọ bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ ní èké. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni ẹsẹ̀ kan náà fi wà nílé tí kò lọ síbì kankan, ìyẹn náà sì jẹ́ òótọ́.

Wọn kò gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ fi ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ṣòfò. Mẹ́rìnlá ni àwọn tó ń wá tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1999, márùn-ún ló kù. Ọ̀kan nínú wọn ni Monica, ọmọ ogún ọdún tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ọ̀wọ̀. Lọ́wọ́ Ṣẹ̀fíátù ló ti ń ra òwú.

Ambrose dúró níwájú wọn nínú gbọ̀ngàn tóóró náà, ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè: "Ta ni ọmọ-ẹ̀yìn?"

Ẹni mẹ́rin dáhùn pọ̀.

"Monica, ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, ọdún méjì tí Bàbá Lábísí fi retí yín kó tó kú, ta lẹ ń tẹ̀ lé?"